Àna Nínú Ilé Adìyẹ

Omi ni Ìyá Lombe gbójú lé. Ní gbogbo òwúrọ̀, kó tó bọ́jú pàápàá, á pọn omi kún garawa, á dà á sí ilẹ̀ ilé adìyẹ rẹ̀, á sì fi ìgbálẹ̀ gbo ó títí apá á fi máa ro ó. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn èyí ní àdúgbò àwọn awakùsà ní Mufulira, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti jọ gbé kí ihò kùsà tó pa ọkọ náà. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fọ ilé adìyẹ ọ̀hún tó, bẹ́ẹ̀ ni eṣinṣin ń pọ̀ sí i. Wọ́n bo ògiri, wọ́n bo igi tí àwọn adìyẹ ń sùn lé, wọ́n bo etí ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín ní àgbàlá náà, ó ní láti kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu.

Ó ti gbìyànjú. Ó sun ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ. Èéfín lé òun fúnra rẹ̀ wọlé, eṣinṣin dúró. Ó rọ omi sínú ọ̀rá funfun, ó so ó mọ́ àjà, nítorí wọ́n ní bí eṣinṣin bá rí òjìji ara rẹ̀ nínú omi, á sá. Àwọn eṣinṣin rí òjìji ara wọn, ó wù wọ́n, wọ́n sì ń bà lé ọ̀rá náà láti sinmi. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ó padà sórí ohun tó mọ̀. Ó fi kún omi.

Ká ní ìgbà mìíràn ni, ì bá ti ta gbogbo adìyẹ náà kó lè rímú mí. Ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ mú àna rẹ̀ wọlé, àwọn adìyẹ wọ̀nyí ni wọn yóò sì fi se àsè rẹ̀. Nínú ìdílé wọn, a kì í gbé adìyẹ tí a rà lọ́jà síwájú àna. Ọwọ́ ìyá ìyàwó ló gbọdọ̀ ti dàgbà. Ohun tó sì wà nídìí mímú àna wọlé yìí ju oúnjẹ lọ. Kí wọ́n tó ṣe é, ọkùnrin tó fẹ́ ọmọ rẹ kò gbọdọ̀ wọ ilé rẹ, kò gbọdọ̀ jẹun lójú rẹ, ìwọ náà kò sì gbọdọ̀ wo ojú rẹ̀ tàbí kí o fẹsẹ̀ tẹ ilé rẹ̀ nígbà tó bá wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pàdé lọ́nà, ẹnì kan á yà sínú igbó. Ọ̀wọ̀ ni, ọ̀wọ̀ ńlá sì ni.

Ọ̀wọ̀ yìí ló mú kí Ìyá Lombe dúró lẹ́nu géètì ọmọ rẹ̀ nínú òjò lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Lombe ń rọbí oyún àkọ́kọ́ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Sampa, ọkọ Lombe, wà nínú ilé, nítorí náà ìyá kò lè wọlé. Ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń ké pè é, ó ń dáhùn láti ìta, òjò sì ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó rí ìyá àgbàlagbà kan mú wá láti òpópónà kejì, ọmọ náà ti lọ. Láti ìgbà náà, ara Ìyá Lombe kì í gba ìró òjò lórí páànù mọ́. Ní báyìí, oyún kejì ti wọ oṣù kẹjọ. Ó ti pinnu pé inú ilé lòun yóò wà nígbà tí èyí bá ń bọ̀, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tó tọ́ ju àsè ọjọ́ Sátidé lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí: onígbáméjì bá òjò wọ ìlú. Mọ́tò káńsù ń yí gbogbo àdúgbò ká, ó ń kéde pé àgbàlá tí ẹran ọ̀sìn bá ti ń fa eṣinṣin, àwọn yóò kó ẹran náà lọ sun. Ẹ̀yìn ọgbà Ìyá Lombe gan-an ni Ìyá Kabaso ń gbé, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

"Ìyá Lombe," ó pè é láti orí ọgbà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, "àwọn eṣinṣin rẹ ti jẹ nínú ubwali tí mo rò kí èmi tó fọwọ́ kàn án. Ṣé kí n máa bu òkèlè tiwọn sọ́tọ̀ ni?"

"Èèpo máńgòrò tí ìwọ náà ń jù káàkiri ńkọ́? Àbí orúkọ mi ni wọ́n kọ sára eṣinṣin?"

"Orúkọ rẹ ò sí lára wọn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń sùn. Wò ó, mi ò ní fi bò fún ẹ. Mo ti fẹjọ́ rẹ sùn ní káńsù. Ọmọ-ọmọ mi ń rákò nínú ilé yìí, àìsàn sì ń pa èèyàn nísàlẹ̀ odò. Wolé-wolé ń bọ̀ lọ́la."

  Ìyá Lombe mọ̀ pé ọmọ náà ń rákò lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ti lé eṣinṣin lójú rẹ̀ rí. Ó wọlé lọ, kò sì jẹun mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń ronú pé bí wọ́n bá kó adìyẹ òun lọ, àsè kò sí. Bí àsè kò bá sí, ìta géètì náà ló tún kù.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti wà nínú ilé adìyẹ pẹ̀lú omi. Ó ró ìró so mọ́ àyà, ó tẹ̀ ba, ó ń gbo ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ohùn Ìyá Kabaso nínú àgbàlá, "Ẹ máa bọ̀, wolé-wolé, níbí ni," ó sì gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìgbálẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri àti ẹ̀yìn ọgbà nìkan ló ti ń gbọ́ ohùn yẹn láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n kò lè ṣì í gbọ́. Ohùn Sampa ni. Ó mọ̀ pé káńsù ni àna òun ti ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n apá ibòmíràn nínú ìlú ni wọ́n máa ń rán an lọ.

Ọ̀nà ilé gba iwájú ọkùnrin náà kọjá. Kò sí ibi tí yóò sá gbà. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ilé adìyẹ náà dé orúnkún, wáyà ló kù títí dé òrùlé. Ìyá Lombe fa ìlẹ̀kùn mọ́ra, ó lóṣòó sẹ́yìn bíríkì, ó sì fi etí ìró bo orí. Àwọn eṣinṣin kò mọ̀ pé àna ló wà níta. Wọ́n bà lé e létí, lójú, lẹ́nu. Àgbébọ̀ kan gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Ilé adìyẹ nìyẹn," Ìyá Kabaso ń sọ. "Ẹ ṣí i kí ẹ fojú ara yín rí nǹkan."

Ẹsẹ̀ Sampa bọ̀, ó sì dúró lójijì. Sálúbàtà obìnrin wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Láti ihò kan láàárín bíríkì, Ìyá Lombe rí bàtà rọ́bà funfun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ onígbáméjì, ó rí i tó yí padà, tó kọjú sí igi máńgòrò.

"Ta ló wà nínú ibẹ̀?"

"Ìyá ìyàwó yín ni," Ìyá Kabaso ní, ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Káńsù ò rí ẹlòmíràn rán ni?"

"Àwọn tó kù wà lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, Màmá."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lọ láìwò ó, mò ń padà sí káńsù. Màá sọ fún wọn pé àna ń bo àna láṣìírí, kí ọmọ-ọmọ tèmi máa kú lọ."

 Sampa mú igi gígùn kan nílẹ̀, ó rìn sẹ́yìn-sẹ́yìn bọ̀ láìwẹ̀yìn, ó ti igi náà bọ abẹ́ ìlẹ̀kùn, ó sì wọ́ díẹ̀ jáde nínú ohun tó wà nílẹ̀. Ìyá Lombe rí i tó ń fi igi tú u. Ìdin ni, wọ́n ń yí lórí ara wọn. Ojú ti Ìyá Lombe débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ gbé òun mì.

"Igi máńgòrò," Sampa bẹ̀rẹ̀, "ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Omi ni. Omi tí wọ́n ń dà síbí ló ń sọ ìgbẹ́ adìyẹ di ilé ìdin. Èyí tó bá gbẹ, eṣinṣin kì í yé sí i. Ẹni tó ni ibí yìí, ìmọ́tótó rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kó kó gbogbo ohun tó tutù jáde, kó gbẹ́ ihò jíjìn kó sin ín. Kó da eérú àti ẹ̀rún pákó sílẹ̀, kó máa tú u lójoojúmọ́. Kó gbé abọ́ omi àwọn adìyẹ sórí òkúta kó má baà máa dà nù. Kò gbọdọ̀ da ẹ̀kán omi sílẹ̀ mọ́. Fúráìdeè ni mò ń bọ̀. Bí mo bá rí ìdin kan níbí, èmi fúnra mi ni màá buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n wá kó wọn lọ sun."

"Igi máńgòrò ti gbọ́," ni Ìyá Kabaso dáhùn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà jìnnà, Ìyá Lombe jáde, ìyẹ́ adìyẹ nínú irun rẹ̀. Ìyá Kabaso ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó ní.

"Kúrò nínú ọgbà mi."

Inú bí i. Ó bínú sí Ìyá Kabaso, ó bínú sí eṣinṣin, ṣùgbọ́n èyí tó dùn ún wọ egungun ni pé ìmọ́tótó òun ti pọ̀ jù. Ta ló ń bú obìnrin pẹ̀lú ìyẹn? Ó jókòó sídìí igi máńgòrò, ó sunkún díẹ̀. Nígbà tó sun ún tán, ó rí i pé ọkùnrin náà ì bá ti lọ láìsọ nǹkan kan, ì bá sì ti parọ́ fún káńsù, kò sì ṣe méjèèjì. Ó dìde, ó mú ọkọ́.

Ó kó ẹrẹ̀ ìgbẹ́ jáde títí ilẹ̀ pupa fi yọ. Ó gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé, ó sin ín, ó fi ẹsẹ̀ kì í. Ó lọ gba ẹ̀rún pákó lọ́wọ́ káfíńtà tó ń kan pósí, ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò yẹn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀. Eérú ló wá ṣòro. Ó ń ti ilé dé ilé, ó ń tọrọ eérú ìdí àdògán bí ẹni ń tọrọ iyọ̀, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè, garawa eérú kan ré ọgbà kọjá.

"Gbà," ni Ìyá Kabaso wí. "Kì í ṣe torí tìẹ."

Ohun tó le jù níbẹ̀ kì í ṣe gbígbẹ́ ihò. Òwúrọ̀ ló le. Ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lára garawa kó tó rántí. Ilẹ̀ eérú yẹn ń rí i lójú bí ẹ̀gàn. Ó ń ṣe é bíi pé gbogbo obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà dúró yí i ká, wọ́n ń ṣe ṣíọ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, òrùlé jò ní igun kan, ó sì bọ́ ìró tó dára jù lára rẹ̀ láti dí i. Ṣùgbọ́n eṣinṣin ń dín kù. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń tan òun jẹ. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ó jẹun níta, ọwọ́ kan ló fi jẹun, kò nílò èkejì fún ohunkóhun.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti Kasama. Màmá Ng'andwe ló ń kọ́ àwọn ìyàwó nínú ìdílé wọn. Òun ló ń mú àna wọlé, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é níbi tó bá wà. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó dé, ó sùn. Àárọ̀ Fúráìdeè ló tó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró lẹ́nu ilé adìyẹ.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Eérú wá ń ṣe kí ni nílẹ̀? Ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ ni mo ti ń rí eérú nílẹ̀ báyìí. Sátidé la fẹ́ mú àna wọlé, lórí eérú?"

Ìyá Lombe ṣàlàyé. Ó sọ̀rọ̀ omi, ó sọ̀rọ̀ ìdin, ó sọ̀rọ̀ káńsù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó sì gbé garawa tó kún bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi yẹn." Ìyá Lombe ti dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn ilé adìyẹ, apá méjèèjì mú òpó. Kò mọ ìgbà tó débẹ̀.

"Ìwọ lo ń dí mi lọ́nà?"

"Òní ni wọ́n ń bọ̀ wá wò ó. Tí ó bá tutù, wọ́n á kó wọn lọ."

"Èmi ni mo kọ́ ẹ kí wọ́n tó mú ẹ lọ sílé ọkọ. Èmi ni mo kọ́ Lombe. Ìgbà wo ni mo kọ́ yín pé kí ẹ fi ilẹ̀ tí wọn ò fọ̀ gba àna?" Màmá Ng'andwe kò pariwo. "Yà kí n fọ̀ ọ́. Tí o ò bá yà, mo ń bá ọkọ̀ ọ̀sán padà sí Kasama. Kí o wá ẹni tó máa mú àna rẹ wọlé."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí Ìyá Lombe bá yà, adìyẹ lọ, àsè lọ. Bí kò bá yà, ẹ̀gbọ́n lọ, àsè lọ náà ni. Ní gbogbo ayé rẹ̀ kò tíì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu rí. Omi inú garawa ń mì lọ́wọ́ arúgbó náà, Ìyá Lombe sì ń wo omi yẹn bí ẹni tó ń wo ejò. Ìyá Kabaso ti yọjú lórí ọgbà, ó ń wò wọ́n.

Ìgbà yẹn ni géètì ṣí. Sampa ló sáré wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bọ́tìnì kan tó so. Bó ṣe rí àwọn obìnrin náà, ó yí ojú sí igi máńgòrò.

"Igi máńgòrò," ó ní.  "Lombe ti ń rọbí láti ìdájí. Oṣù ò tíì pé, bíi ti èkíní. Ilé ìwòsàn ti kún fún àwọn onígbáméjì, ilé ni nọ́ọ̀sì wá bá a. Nọ́ọ̀sì ní kó tì í, kò tì í. Ó ní òun ò ní bí i tí ìyá òun ò bá sí níbẹ̀. Àfi orúkọ ìyá rẹ̀ tó ń pè ṣáá."

Ìyá Lombe fi òpó sílẹ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan.

"Dúró," ni Màmá Ng'andwe wí. Ó kọjú sí Sampa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Àna, ọ̀la ni wọ́n ń mú yín wọlé. Títí dìgbà náà, ìyá ìyàwó yín ò lè tẹ ilé yín tí ẹ bá wà níbẹ̀. Inú ilé yín ni yóò ti ṣẹlẹ̀, ẹ ò sì lè lé ara yín jáde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó yín. Ẹ wá obìnrin mìíràn."

Sampa yí padà. Kò kọjú sí igi mọ́, kò kọjú sí ọgbà. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ń wò lójú kòrókòró, tí Ìyá Lombe fi yára fa ìró bo ojú.

"Màmá, ẹ dárí jì mí," ó ní. "Lọ́dún tó kọjá, ìta lẹ wà nínú òjò, inú ilé lèmi wà. Mo ń gbọ́ ohùn yín. Mo lè jáde kí ẹ wọlé, mi ò jáde, torí pé ẹnu ọ̀nà kan ló wà, màá pàdé yín níbẹ̀. A ń bọ̀wọ̀ fún ara wa, èmi àti ẹ̀yin, títí ọmọ fi kú." Ó nu ojú. "Mi ò ṣe irú ọ̀wọ̀ yẹn mọ́. Tí kò bá sẹ́ni tó máa mú mi wọlé, màá mú ara mi wọlé."

 Lábẹ́ ìró, omijé ń dà lójú Ìyá Lombe. Kò mọ̀ rí pé Sampa ń gbọ́ ohùn òun. Gbogbo ọdún náà ni ó ti fi rò pé òun nìkan ni òjò yẹn pa.

"Ọkùnrin kì í mú ara rẹ̀ wọlé," ni Màmá Ng'andwe wí. "Wọ́n máa ń mú un wọlé ni."

"Ẹ mú un wọlé, nígbà náà," ni Ìyá Kabaso sọ láti orí ọgbà. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àbí kí lẹ bá ọkọ̀ wá ṣe?"

Arúgbó náà wo ọgbà. Ó wo àna, ó wo àbúrò rẹ̀ tó wà nídìí ìlẹ̀kùn. Ó gbé garawa sílẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má baà dà.

"Adìyẹ èwo ló yé láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹyin ni mo ní. Wọlé lọ mú un."

Ìyá Lombe wọ ilé adìyẹ, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ àgbébọ̀, ó rí ọ̀kan, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Kó tó yípadà, ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn: "Àna, ẹ wọlé."

"Wọ ibo, Màmá?"

"Ilé tó wà níwájú yín. Àbí ìyá ìyàwó yín kọ́ ló kọ́ ọ? Àbí kò lórùlé? Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má fi orí gbá igi."

Sampa bẹ̀rẹ̀, ó wọlé. Ilé náà kéré débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ forí kan orí, àna méjèèjì, pẹ̀lú àwọn adìyẹ tó ń sá kiri láàárín ẹsẹ̀ wọn. Màmá Ng'andwe dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń sọ ọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn: "Odindi la máa ń gbé adìyẹ síwájú àna. Orí, ẹsẹ̀, iwe, ẹ̀dọ̀, ohunkóhun kò gbọdọ̀ dín. Odindi nìyí. Kò sí ohun tí wọ́n mú nínú rẹ̀. Ìyá ìyàwó, ẹ gbé e fún un. Ẹ ṣí ojú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún èjìká."

Ìyá Lombe ṣí ojú, ó na ẹyin. Sampa gbà á, ó fa aṣọ tí wọ́n rẹ sínú oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn yọ nínú àpò, ó nu ẹyin náà tìṣọ́ratìṣọ́ra, nítorí wolé-wolé kò lè ṣe kó má ṣe wolé-wolé, ó lù ú mọ́ igi, ó sì gbé e mu ní tútù. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó gbé e mì.

"Ẹ ti wọlé," ni Màmá Ng'andwe wí. "Ẹ ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé rẹ̀ ti di ilé yín, ilé yín ti di ilé rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ẹni tó mú yín wọlé, ẹ dárúkọ mi. Ẹ máa lọ."

"Wolé-wolé," Ìyá Kabaso pè. "Ẹ ti kúkú wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó."

Sampa wo Ìyá Lombe bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, ó sì kúnlẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ eérú ní igun kan, ó ti í bọ igun kejì, ó dé ibi tí òrùlé ti jò.  Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sókè, ó jẹ́ kó dà láàárín ìka rẹ̀. Eruku lásán ni.

"Ó gbẹ," ó ní. "Kò sí ìdin."

"Mo rí i. Ẹ máa sáré lọ. Èmi á máa bá yín wo àwọn adìyẹ." Ìyá Kabaso wo garawa tó wà nílẹ̀, ó wo Màmá Ng'andwe. "A ò sì ní da omi."

Wọ́n jọ sáré ni. Ìyá Lombe kò rìn lẹ́yìn, kò yà sínú igbó. Ibi tí ẹrẹ̀ bá ti jìn, Sampa á na ọwọ́, á sì dì í mú. Àwọn tó mọ̀ wọ́n ládùúgbò dúró wò wọ́n, ẹnu yà wọ́n. Ìyá Lombe kò dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń tẹ́tí sí, ohùn ọmọ rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ kí wọ́n tó dé ẹnu géètì. Kò dúró níbẹ̀.

Inú iyàrá ṣókùnkùn díẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà nídìí ibùsùn, Lombe wà lórí rẹ̀, òógùn ti bò ó, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó rí ìyá rẹ̀ tó wọlé. Lẹ́yìn ìyá, ó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn kan náà. Nínú ìrora yẹn náà, ó tiraka gbé orí sókè, ó na ọwọ́ síta láti fi lé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ìyá, ẹ sá, Sampa wà níbí o."

"Mo mọ̀ pé ó wà níbí," ni Ìyá Lombe wí. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé àyà. "Àwa méjèèjì la jọ wá. Tì í wàyí, ọmọ mi."

Ọmọ náà ké kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó kéré, ó pọ́n, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Ọwọ́ ìyá àgbà ni nọ́ọ̀sì gbé e lé. Ìyá Lombe gbé e mọ́ra, ó sì sunkún fún àwọn méjèèjì, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti èyí tí kò rí gbé.